Kàlòkàlò: bí ẹ̀rọ tí èèyàn lè fi ìka ṣírò ṣe di èyí tí ojú ò lè kà mọ́

Ẹ̀yin tèmi, ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé màá kọ nǹkan nípa kàlòkàlò, àwọn kan tiẹ̀ ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé mo ti bẹ̀rẹ̀ tẹ́tẹ́ ni. Rárá o, èmi ò ta. Ìṣirò tó wà nínú ẹ̀ ló jẹ mí lógún, torí mo ti fìgbà kan kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní ìṣirò, tí mo bá sì rí ohun tí èèyàn ń kó owó lé lórí láìmọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ara mi kì í gbà á. Àwọn àgbà tó gbé Èkó ní àwọn ọdún 1960 sí 1970 mọ kàlòkàlò dáadáa, ẹ̀rọ tó máa ń dúró sí kọ̀rọ̀ ilé ọtí àti òtẹ́ẹ̀lì, o máa ju owó ẹyọ sí i, o máa fa apá irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ wálẹ̀, àwòrán á máa yí gbìrìgbìrì, tó bá dúró síbi tó dáa owó á dà wàràwàrà, tí kò bá dáa wàá tún máa wá owó ẹyọ míì nínú àpò. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ ẹ̀rọ yẹn sójú, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ọmọ ọmọ ẹ̀, torí inú fóònù wọn ló ń gbé.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ò pọ̀. Ẹ̀rọ yìí, nígbà tó kọ́kọ́ dé, ẹni tó bá ní sùúrù lè jókòó tì í kó ṣírò ẹ̀ parí. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn tó ń ṣe é gbé ìṣirò náà kúrò níbi tí ojú ti lè rí i, ìgbà tí wọ́n sì gbé e pamọ́ tán ni owó ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé fún wọn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé Las Vegas ló ti bẹ̀rẹ̀. Irọ́ ni, 1905 ni wọ́n tó dá ìlú Las Vegas sílẹ̀, ẹ̀rọ yìí sì ti wà kó tó dìgbà yẹn. Brooklyn ní New York lọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀. Ní 1891, ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Sittman and Pitt ṣe ẹ̀rọ kan tó ní àgbá róbótó márùn-ún nínú, wọ́n kó àwòrán káàdì 50 sára wọn, o máa ju sẹ́ǹtì 5 sínú ẹ̀, o máa fa irin, àgbá á yí, káàdì márùn-ún á hàn síta bí ìgbà tí wọ́n pín in fún ẹ láti ta pókà. Owó kankan ò jáde nínú ẹ̀ o. Ọlọ́tí ló máa wò ó, tó bá rí i pé o jẹ, ó lè gbé bíà kan fún ẹ tàbí kó fún ẹ ní sìgá, ó kù sọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ káàdì á ti máa bi mí pé 50 kẹ̀, ṣebí 52 ni káàdì? Ẹ ti bá mi débẹ̀ nìyẹn. Wọ́n sábà máa ń yọ méjì kúrò, 10 ti sípéèdì àti jáàkì ti àwòrán ọkàn, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì wà lára káàdì tí èèyàn nílò láti fi jẹ èyí tó tóbi jù. Ọ̀nà mẹ́rin ló yẹ kó wà láti débẹ̀, ọ̀kan fún oríṣi káàdì kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti dí méjì pa kí o tó yọ owó jáde. Ẹni tó bá wo ẹ̀rọ náà látìta, káàdì ló rí, kò ní mọ̀ pé méjì ti sọnù nínú ẹ̀. Èmi gbà pé ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ohun tó kù nínú ìtàn yìí ti hù.

Ìṣòro tí ẹ̀rọ Brooklyn yẹn ní ni pé ọ̀nà tí èèyàn lè gbà jẹ pọ̀ jù, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ fi irin àti sípíríǹgì lásán ṣe é kó máa san owó fúnra ẹ̀. Ẹni tó tú kókó yẹn ni Charles Fey. Ọmọ Bavaria ní Jámánì ni, wọ́n bí i ní 1862, láti kékeré ló ti kúrò nílé, ó gba Faransé kọjá, ó gba Lọ́ńdọ̀nù kọjá, kó tó di pé ó dé Amẹ́ríkà tó sì fìdí kalẹ̀ sí San Francisco. Mẹkáníìkì gidi ni, ọwọ́ ẹ̀ mọ irin. Ní ìparí àwọn ọdún 1890 ló gbé ẹ̀rọ kan jáde tó pè ní Liberty Bell. Ó ju káàdì márùn-ún nù, ó fi rílì mẹ́ta dípò ẹ̀ (rílì ni àgbá róbótó tí wọ́n ya àwòrán sí lára), àwòrán márùn-ún péré ló sì lò: irin pátákò ẹṣin, dáyámọ́ǹdì, sípéèdì, ọkàn, àti agogo òmìnira Amẹ́ríkà tó sán. Tí agogo mẹ́ta bá tò sórí ìlà kan, ẹ̀rọ náà fúnra ẹ̀ á san owó ẹyọ sẹ́ǹtì 5 mẹ́wàá fún ẹ, àádọ́ta sẹ́ǹtì nìyẹn. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, owó ni nígbà yẹn, pàápàá fún ẹni tó ti mu bíà méjì.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ bí ẹni tó jókòó sílé ọtí náà ṣe lè ṣírò ẹ̀. Rílì kọ̀ọ̀kan ní ibi mẹ́wàá tó lè dúró sí. Mẹ́wàá lọ́nà mẹ́wàá lọ́nà mẹ́wàá, 1,000 ni. Gbogbo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ yẹn ò ju 1,000 lọ, kò sí ìkankan tó pamọ́. Ọmọ SS1 lè kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́sàn-án kan. Wọ́n ní nínú 100 sẹ́ǹtì tó bá wọlé, bíi 75 ló ń padà sọ́wọ́ àwọn tó ń ta á, ìyókù jẹ́ ti Fey àti ọlọ́tí, wọ́n á pín in ní dọ́gbadọ́gba. Fey ò ta ẹ̀rọ ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ńṣe ló ń gbé e kalẹ̀ sílé ọtí, tó ń wá gba ìdajì, ọgbọ́n ìṣòwò tí mo kan sáárá sí nìyẹn. Àwọn oníbàárà náà ò sùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin tó dọ́gba pẹ̀lú owó ẹyọ tan ẹ̀rọ náà jẹ, Fey tún ṣe nǹkan kan tó ní abẹ́rẹ́ láàárín tó ń fi ẹ̀ mọ owó gidi yàtọ̀ sí irin lásán. Ṣẹ́ ẹ rí i, láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, ìjàkadì ni láàárín ẹni tó ni ẹ̀rọ àti ẹni tó ń ta á.

Ibi tí Fey ti fara gbọgbẹ́ ni pé òfin Amẹ́ríkà nígbà yẹn ò fẹ́ fún ohun èlò tẹ́tẹ́ ní pátẹ́ǹtì, ìyẹn ni pé kò sí ìwé tó lè fi dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti ṣe irú ẹ̀. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà bá a níwájú.) Ìtàn tó wọ́pọ̀ jù ni pé ní 1905, wọ́n jí Liberty Bell kan gbé ní ilé ọtí kan ní òpópónà Powell, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí ilé iṣẹ́ Mills Novelty ní Chicago gbé tiwọn jáde tó jọ ọ́ bí ìbejì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1906, ilẹ̀ mì tìtì ní San Francisco, ibi tí Fey ti ń ṣiṣẹ́ bá a lọ. Herbert Mills ní tiẹ̀ ní owó, ó ní ilé iṣẹ́ ńlá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀rọ náà lọ́pọ̀ yanturu. Nǹkan tí àwọn Mills ṣe sí i kékeré ló dà bí ẹni pé ó jẹ́, wọ́n gbé àwòrán orí rílì lọ sí 20, wọ́n sì ṣí fèrèsé ẹ̀ tóbi kí èèyàn lè máa rí àwòrán tó wà lókè ìlà àti èyí tó wà nísàlẹ̀. Ogún lọ́nà ogún lọ́nà ogún, 8,000 ti dé. Fèrèsé yẹn ló wá burú jù, torí nísinsìnyí tí agogo kẹta bá dúró sísàlẹ̀ ìlà díẹ̀, ojú ẹ á rí i kedere. Kò tó ìka kan! O ò jẹ, ṣùgbọ́n inú ẹ ti sọ fún ẹ pé o fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ, ọwọ́ ẹ ti wọ àpò lẹ́ẹ̀kejì.

Ìjọba náà ò kúkú fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀. San Francisco fòfin dè é ní 1909, gbogbo California tẹ̀ lé e ní 1911. Kí ni àwọn tó ń ṣe é wá dá? Wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀rọ tó ń ta ṣingọ́ọ̀mù. O fi owó sí i, ó fún ẹ ní ṣingọ́ọ̀mù, a ò ta tẹ́tẹ́ o ọ̀gá ọlọ́pàá, ọjà là ń tà. Wọ́n yọ káàdì kúrò lójú rílì, wọ́n fi èso dípò, ọsàn, lẹ́mọ́ọ̀nù, púlọ́ọ̀mù, ṣẹ́rì, kó lè bá adùn ṣingọ́ọ̀mù mu. Àwòrán dúdú tí wọ́n kọ BAR sí lára tẹ́ ẹ ṣì ń rí nínú géèmù orí fóònù títí dòní, láti ara àmì ṣingọ́ọ̀mù Bell-Fruit ayé ìgbà yẹn ló ti wá. Mo fẹ́ràn apá ibí yìí gan-an, irọ́ tí wọ́n pa fún ọlọ́pàá ní ọdún 1909 ló ṣì wà lójú gíláàsì fóònù ọmọ tó ń tẹ̀ ẹ́ ní Mokola.

Ìgbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé ní àwọn ọdún 1930 ni kàlòkàlò tàn kálẹ̀ jù, ilé epo, ilé ìtajà oògùn, ilé onígbàjámọ̀, kò síbi tí wọn ò gbé e sí, àwọn jàǹdùkú ńlá ló sì ń darí ẹ̀. Frank Costello, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá Máfíà, ló ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ní New York títí tí Mẹ́yọ̀ La Guardia fi dé ní 1934, ọkùnrin yẹn gbé òòlù ńlá, ó fọ́ wọn níṣojú àwọn oníròyìn tó ń ya fọ́tò, wọ́n sì kó wọn dà sómi. Costello ò jà, ó kàn kó ìyókù lọ sí New Orleans ní Louisiana, níbi tí Huey Long, olóṣèlú alágbára ibẹ̀, ti ń ṣe bó ṣe fẹ́. Nevada, ìpínlẹ̀ tí Las Vegas wà, ní tiẹ̀ ti sọ tẹ́tẹ́ di ohun tí òfin gbà láti 1931, torí náà nígbà tí òfin Johnson ti ọdún 1951 sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀rọ yìí wọ ìpínlẹ̀ tí òfin ibẹ̀ ò ti gbà á, Nevada nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i jẹ dáadáa.

Ẹ sì máa rò pé àwọn kàsínò gbé e gẹ̀gẹ̀. Rárá. Nígbà tí Bugsy Siegel, jàǹdùkú ńlá míì, ṣí kàsínò Flamingo ní Las Vegas ní 1946, ìtàn sọ pé wọ́n kó kàlòkàlò síbẹ̀ kí àwọn ìyàwó lè rí nǹkan máa fi ṣeré nígbà tí àwọn ọkọ wọn bá jókòó sídìí tábìlì tí owó gidi wà. Nǹkan ìṣeré ni wọ́n kà á sí. Ẹ wá wo bí ayé ṣe yí, nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1980, owó tí nǹkan ìṣeré yẹn ń kó wọlé ní Nevada ti ju ti gbogbo tábìlì lápapọ̀ lọ. Àwọn nǹkan kan wà tó hàn gbangba tó fà á. Ẹni tó bá lọ sídìí tábìlì pókà gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n ta, àwọn èèyàn á máa wò ó, ojú á tì í tó bá ṣe àṣìṣe, owó tó máa fi bẹ̀rẹ̀ náà á pọ̀. Ẹ̀rọ ò bi ẹ ní nǹkan kan. Kò wo bàtà ẹ, kò bèèrè pé ọmọ ta ni ẹ́, owó ẹyọ kan tó fún un. Lẹ́yìn náà ni Bally, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe géèmù ní Chicago, gbé Money Honey jáde ní 1963, èyí tó ń lo iná mànàmáná, ikùn tó ń kó owó sí tóbi débi pé ó lè san owó ẹyọ 500 lẹ́ẹ̀kan náà láìsí pé wọ́n ń pe òṣìṣẹ́ kankan. Apá irin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wà níbẹ̀ ṣá, ṣùgbọ́n iná ló ń ṣe iṣẹ́, nígbà tó sì yá wọ́n fi bọ́tìnnì rọ́pò ẹ̀. Ẹni tó ń fa irin, apá á ro ó, á sinmi díẹ̀, ẹni tó ń tẹ bọ́tìnnì ò mọ ohun tó ń jẹ́ sinmi.

Síbẹ̀ náà, ìṣirò ṣì ń dí wọn lọ́wọ́, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ìyẹn dáadáa torí òun ni oókan àyà ọ̀rọ̀ yìí. Ká ní rílì kọ̀ọ̀kan ní ibi 22 tó lè dúró sí, bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe wà nígbà yẹn. 22 lọ́nà 22 lọ́nà 22, 10,648 ni. Tó bá jẹ́ àwòrán ẹ̀bùn ńlá kan ṣoṣo ló wà lórí rílì kọ̀ọ̀kan, á jẹ́ pé lẹ́ẹ̀kan nínú 10,648 ni ẹ̀bùn náà máa ń bọ́ sí i. Tí onílé tẹ́tẹ́ bá wá fẹ́ san 10,000 dọ́là fún ẹni tó fi dọ́là kan ta, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá gbogbo owó tó gbà padà lórí ẹ̀bùn yẹn nìkan, kí ló wá fẹ́ fi san àwọn ẹ̀bùn kéékèèké, kí ni èrè? Torí náà kò lè ṣe ẹ̀bùn tó tóbi. Wọ́n gbìyànjú láti fi rílì kún rílì, wọ́n gbìyànjú láti mú un tóbi sí i, àwọn èèyàn kàn wò ó, wọ́n ní èyí máa ṣòroó jẹ o, wọ́n kọjá lọ. Ojú wọn ń ṣírò láìmọ̀.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Inge Telnaes ló yanjú ẹ̀. Ní 1984 ni wọ́n fún un ní pátẹ́ǹtì (bẹ́ẹ̀ ni, pátẹ́ǹtì tí Fey ò rí gbà, ayé ti yí padà) lórí ọgbọ́n kan tó rọrùn débi pé ó ń bí mi nínú. Ó ní kí rílì tí èèyàn ń fojú rí máa yí bó ṣe ń yí, ṣùgbọ́n kó má lọ́wọ́ sí ibi tó máa dúró. Kọ̀ǹpútà kékeré inú ẹ̀ ló máa mú nọ́ńbà kan jáde ṣàdédé, nọ́ńbà yẹn ló máa sọ fún rílì pé dúró síbí. Níwọ̀n ìgbà tó sì ti jẹ́ nọ́ńbà ni, kò pọn dandan kó jẹ́ 22, ó lè jẹ́ 64, ó lè jẹ́ 256. Tó bá jẹ́ 64, ẹ̀bùn ńlá á máa jáde lẹ́ẹ̀kan nínú 262,144. Tó bá jẹ́ 256, lẹ́ẹ̀kan nínú 16,777,216. Rílì tí ìwọ ń wò ṣì ní àwòrán 22! Ó dà bí dáìsì lúdò tó ní ojú mẹ́fà bó ṣe yẹ, tó ń yí bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n tí ẹni tó ṣe é ti pinnu níkọ̀kọ̀ pé lẹ́ẹ̀kan nínú 64 ni mẹ́fà máa ń hàn. Ọmọdé tá a bá bá a nídìí lúdò, a máa pè é ní olè. Ní Nevada, wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí. Mi ò sọ àsọdùn o, nínú pátẹ́ǹtì yẹn fúnra ẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ pé ó ṣe pàtàkì láti ṣe ẹ̀rọ tó máa dà bí ẹni pé àǹfààní láti jẹ nínú ẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe wà ní ti gidi, níwọ̀n bí òfin bá ti gbà á. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, ẹnu mi ò padé.

IGT, ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń ṣe ẹ̀rọ yìí, ra ẹ̀tọ́ pátẹ́ǹtì náà, wọ́n sì ti gbé Megabucks jáde ní 1986, ẹ̀rọ tí wọ́n so pọ̀ mọ́ra wọn káàkiri Nevada tí owó kan náà ń ga lórí gbogbo wọn. Ní 2003 ẹnì kan jẹ 39.7 mílíọ̀nù dọ́là lórí ẹ̀ ní kàsínò Excalibur. Gbogbo ayé gbọ́. Ohun tí ìròyìn ò fi bẹ́ẹ̀ sọ ni pé ó tó lẹ́ẹ̀kan nínú mílíọ̀nù 50 tí irú ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀. Láti 1,000 ti Fey dé mílíọ̀nù 50, rílì tí ojú ń rí sì ṣì jẹ́ mẹ́ta.

Ẹ rántí fèrèsé Mills àti ọ̀rọ̀ "kò tó ìka kan". Ọgbọ́n Telnaes tún sọ ìyẹn di iṣẹ́ ọnà. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà 64 ló wà nínú, tí àwòrán tó hàn jẹ́ 22, ẹni tó ṣe é ló máa pinnu nọ́ńbà mélòó ló máa já sí àwòrán wo. Ó lè fún àwòrán ẹ̀bùn ńlá ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, kó wá kó nọ́ńbà púpọ̀ fún àyè òfìfo tó wà lókè ẹ̀ àti èyí tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Kí ni wàá máa rí? Wàá máa rí ẹ̀bùn ńlá náà lókè ìlà, wàá rí i nísàlẹ̀ ìlà, léraléra, ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀. Kì í ṣe pé o fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ. Bí wọ́n ṣe tò ó nìyẹn. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ilé iṣẹ́ Universal ti Jápáànì tiẹ̀ lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀, tiwọn ni pé tí kọ̀ǹpútà bá ti mọ̀ pé o ò jẹ, á mọ̀ọ́mọ̀ wá àwòrán ó-kù-díẹ̀ gbé síwájú ẹ. Àjọ tó ń rí sí tẹ́tẹ́ ní Nevada ní ìyẹn ti kọjá ààlà, wọ́n ní kí wọ́n má ṣe é mọ́. Ti Telnaes, wọ́n fi í sílẹ̀. Ẹ bá mi wo ìyàtọ̀ àárín méjèèjì, ó hàn sí àwọn agbẹjọ́rò ju èmi lọ.

Nígbà tó yá, rílì irin náà lọ, gbogbo ẹ̀ di tẹlifíṣọ̀n. Ìlà kan di 9, ó di 20, ó di 50. Ó dùn mọ́ àwọn tó ń ta á torí ó jọ pé ọ̀nà ti pọ̀. Ká ní o fi náírà 5 sórí ìlà kọ̀ọ̀kan, ìlà 20, náírà 100 lo fi ta. Ìlà kan jẹ, ó san náírà 40. Orin á dún, iná á máa kọ yànràn, owó wúrà á máa rọ̀ sílẹ̀ lójú gíláàsì, ìwọ náà á sì dunnú. Ọgọ́ta náírà lo pàdánù, ẹ̀gbọ́n! Wọ́n ń lùlù fún ẹ lórí àdánù ẹ.

Àwọn kan á sọ pé ṣebí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń dá 95 padà nínú 100, márùn-ún náà ni wọ́n ń mú, kí ló burú? Ẹ jẹ́ ká ṣe é lórí pátákó. Ká ní o ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà, náírà 100 lẹ́ẹ̀kan, ìgbà 600 nìyẹn ní wákàtí kan, 60,000 náírà ló ti gba abẹ́ ọwọ́ ẹ kọjá. Márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ jẹ́ 3,000. Ẹni tó mú 5,000 wá, nínú ìṣirò, kò ju wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú lọ tí kò ní sí nǹkan kan mọ́. Márùn-ún yẹn ò jẹ́ márùn-ún lórí owó tó o mú wá láti ilé, márùn-ún ni lórí gbogbo ìgbà tó o bá tẹ̀ ẹ́, owó tó dá padà fún ẹ, o tún fi ta ni. Òfin Nevada kàn ní kó má lọ sísàlẹ̀ 75. Ibi tí Fey wà ní ọdún náà lọ́hùn-ún.

Káàkiri ayé, ibi kọ̀ọ̀kan ló ní bí wọ́n ṣe gbà á. New South Wales ní Ọsirélíà gbà á wọ inú kílọ́ọ̀bù láti 1956, wọ́n ń pè é ní pokies, Ọsirélíà sì ti di orílẹ̀-èdè tí ẹni kọ̀ọ̀kan ti ń pàdánù owó sórí tẹ́tẹ́ jù lọ láyé, àmọ́ Western Australia kọ̀ jálẹ̀, kàsínò kan ṣoṣo ní Perth ni wọ́n ti gbà á. Ní Bìrìtìkó, òfin 1960 ló gbé e wọ ilé ọtí. Àwọn ará wa tó wà ní Peckham àti Dalston á rántí ẹ̀rọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ tí èèyàn ti lè fi £100 ta lẹ́ẹ̀kan náà, ogún ìṣẹ́jú àáyá o tún lè fi £100 míì ta, ọ̀pọ̀ owó ọ̀sẹ̀ ló ti rà sí i kí ìjọba tó gé e sí £2 lóṣù kẹrin 2019. Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, 2025 ni wọ́n tó sọ pé kó má ju £5 lọ lẹ́ẹ̀kan, £2 fún àwọn tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 18 sí 24. Ìyẹn fi hàn pé ìjọba mọ ẹni tí tẹ́tẹ́ yìí ń ṣe lọ́ṣẹ́ jù.

Tiwa náà ńkọ́? Kàlòkàlò gba ìlú kan débi pé ìjọba ológun ṣòfin ní 1977 tó fòfin de ẹ̀rọ tẹ́tẹ́. Ẹ̀rọ náà kúrò lójútáyé, àwọn èèyàn padà sídìí púùlù, lẹ́yìn náà lọ́tò, lẹ́yìn náà bọ́ọ̀lù. Ẹ̀rọ onígíláàsì àti irin ni àwọn tó ṣòfin yẹn ní lọ́kàn, ta ló lè rò ó pé yóò kéré débi tí á fi wọ àpò ṣòkòtò? Lóṣù kọkànlá 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tún sọ pé òfin lọ́tìrì ti ìjọba àpapọ̀ ọdún 2005 ò fẹsẹ̀ múlẹ̀, pé ìpínlẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ náà, nítorí náà ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló máa wá bí á ṣe mójú tó o. Fóònù ní tiẹ̀ ò mọ ibi tí Ọ̀yọ́ ti pín pẹ̀lú Ọ̀ṣun.

Kí n tó lọ, nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú ara yín wò tí ọmọ tàbí àbúrò yín bá ń ta irú géèmù yìí lórí fóònù. Ẹ sọ fún un pé kó ṣí ibi tí wọ́n kọ òfin géèmù náà sí, ó sábà máa ń wà nísàlẹ̀ pátápátá, kẹ́ ẹ wá nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní RTP. Ẹ̀ẹ́ rí 96 tàbí 94 tàbí 91, òun ni ohun tó ń dá padà nínú ọgọ́rùn-ún. Tẹ́ ẹ bá ti rí i, ẹ wá géèmù yẹn kan náà lórí sáìtì míì. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ wọn ló ń ṣe géèmù kan ní oríṣi mẹ́ta mẹ́rin, orúkọ kan náà, àwòrán kan náà, orin kan náà, ẹni tó ni sáìtì ló máa yan èyí tó bá wù ú gbé síta. Ẹni méjì lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, kí wọ́n máa ta géèmù kan náà, kí ti ẹnì kan máa mú náírà mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, kí ti ìkejì máa mú mẹ́sàn-án, wọ́n ò ní mọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ibi tí nọ́ńbà méjèèjì ti yàtọ̀, ẹ fi sí kọ́mẹ́ǹtì fún mi, mo ń kó wọn jọ.